SÚWÍÌṢÌ TÓ KỌ̀ TÍ KÒ PA RÉDÍÒ MỌ́

Ẹni tí ó bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn, tí ó kọ ẹ̀yìn sí Ilé Àwòṣífìlà tí wọ́n parí ní 1965, tí ó forí lé ọ̀nà Mọ́kọ́lá, kò ní í pẹ́ bọ́ sí Èkótẹ̀dó. Àwọn ará Èkó ló tẹ àdúgbò náà dó, orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń wí bẹ́ẹ̀. Lóde òní, fóònù àti kọ̀ǹpútà ló kún ojú títì Queen Cinema. Orin ń ké lọ́tùn-ún, orin ń ké lósì, ẹni tó ń ta ṣájà ń fa aṣọ ẹni tí kò fẹ́ ra ṣájà.

Ṣùgbọ́n ẹ yà sẹ́yìn títì díẹ̀. Ariwo á rọlẹ̀. Lábẹ́ páànù kan tó ti dípẹtà, àgbà atúnrédíòṣe kan wà níbẹ̀ tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Philips, Pye, Bush, Telefunken, gbogbo wọn tò gẹrẹrẹ lórí pákó bí ìgbà tí àwọn àgbà ìlú bá jókòó síwájú ọba. Àpótí Rediffusion kan wà láàárín wọn, irú èyí tó bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 1935 kí ó tó dé Ìbàdàn. Wáyà ni wọ́n fi ń fà á wọlé. Irú àpótí yìí làwọn èèyàn ń pè ní asọ̀rọ̀mágbèsì: ó ń bá ọ sọ̀rọ̀, kò gbọ́ èsì tìrẹ.

Ibẹ̀ ni obìnrin kan gbé Grundig bàbá rẹ̀ wá, ó fi ìró pọ̀ ọ́n bí ọmọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá."

"Ọ̀ọ, káàbọ̀, ọmọ mi. Kí ló ṣe é?"

"Kì í kú mọ́ ni, sà. Tí a ò bá fa púlọ́ọ̀gì yọ, á kàn máa jó lọ ni."

Rédíò náà ní bọ́tìnnì funfun tó tò níwájú bíi ti dùùrù. A kọ "Aus" sára ọ̀kan. Èdè Jámánì ni, pípa ni wọ́n ń wí. Èyí gan-an ni kò ṣiṣẹ́ mọ́. Nígbà tí bàbá ṣí pákó ẹ̀yìn rẹ̀, àṣírí tú: ẹnì kan ti so wáyà méjì tó wọ súwíìṣì pọ̀, ó lọ́ ọ, ó fi téèpù wé e. Ó gbowó, ó lọ.

Bàbá ò pariwo. Ó kàn bi obìnrin náà léèrè ibi tí rédíò máa ń wà.

"Ẹ̀gbẹ́ ìyá mi ni. Látìgbà tí bàbá ti kú, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń sùn. Kọ́tìnnì ló bò ó."

"Háà!"

Ohun tó wà nídìí háà yẹn rèé. Bí iná bá lọ ní alẹ́, tí màmá sùn lọ, tí iná wá dé ní aago mẹ́ta òru, rédíò á tan ara rẹ̀. Tiransifọ́mà tó ti dàgbà ju ẹni tó ń tún un ṣe lọ́wọ́ yìí lọ díẹ̀ ló kù á máa gbóná lábẹ́ kọ́tìnnì títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ta ló wà lójúfò? Ìyẹn nìkan kọ́. Ẹni tó bá ń fa púlọ́ọ̀gì lójoojúmọ́ á fa wáyà já lọ́jọ́ kan, àfàìmọ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ má tutù lọ́jọ́ náà.

Iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. Bàbá ti fa púlọ́ọ̀gì, síbẹ̀ kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Kàpásítọ̀ inú rédíò onífáàfù a máa pa iná mọ́ra, ó sì lè gbá èèyàn dáadáa lẹ́yìn tí iná ti kúrò. Ó fi rẹ̀sísítọ̀ fa èyí tó kù nínú wọn jáde, ó fi mítà wò ó, ó tó wá tú ìdè abẹ́ àpótí. Ó gé wáyà àlọ́pọ̀ yẹn dànù. Ó fi ẹnu mítà méjèèjì kan ẹsẹ̀ súwíìṣì, ó ń tẹ bọ́tìnnì. Ó yẹ kí abẹ́rẹ́ mítà fò lọ sí òdo. Kò mira.

Ẹnu irin inú súwíìṣì ti dúdú. Gbogbo ìgbà tí a bá tan rédíò tàbí tí a pa á, iná kékeré a máa ta láàárín irin méjì yẹn, a sì máa jẹ wọ́n díẹ̀díẹ̀. Ọdún pọ̀ lórí Grundig yìí. Ohun tó jẹ́ kí ẹni àkọ́kọ́ so wáyà pọ̀ nìyẹn, kò fẹ́ ṣe wàhálà. Bàbá fi sípírítì nù ún, ó fi beébà tó kúnná ha á, ó sì tún irin rẹ̀ tẹ̀ kó lè máa di ara wọn mú. Abẹ́rẹ́ fò lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta ó tún kọ̀.

"Èyí ti jẹ kọjá nínù," bàbá wí.

Kò lu ihò sára àpótí nítorí súwíìṣì tuntun, bí àwọn kan ṣe máa ń ba rédíò olówó iyebíye jẹ́. Ó dìde, ó wá òkú Grundig mìíràn nínú ẹrù rẹ̀, ó yọ tirẹ̀, ó wọn ọ́n wò, ó fi irin sódà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ipò. Ó tún yí ibi tí wọ́n fi ń yan agbára iná lẹ́yìn kúrò ní 220 sí 240, nítorí iná tiwa n'Ìbàdàn a máa ga nígbà míì.

Kò fi í síná tààrà. Gílóòbù 60 wáàtì ló kọ́kọ́ gbé sójú ọ̀nà. Bí gílóòbù bá mọ́lẹ̀ rekete tí kò rọlẹ̀, nǹkan ti kan ara wọn nínú. Ó mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó rọ. Ojú rédíò yọ àwọ̀ ewé. Ó tó bí ìdajì ìṣẹ́jú kí fáàfù tó gbóná, lohùn bá jáde. Bàbá wá yí abẹ́rẹ́ lọ sí ìpẹ̀kun ọwọ́ ọ̀tún pátápátá, níbi tí nọ́ńbà ti parí sí 100, Amúlùúdùn 99.1 sì wọlé kedere. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní bàbá òun ò bá ti kí wọn.

Bàbá tẹ "Aus". Iná kú. Ó tàn án, ó tún pa á, tó bí ìgbà mẹ́wàá. Ó ní kí obìnrin náà náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí ó tó san kọ́bọ̀.