Ilé Là Á Wò Kí Á Tó Sọmọ Lórúkọ: Addi Bâ, Ọmọ Gínì Tó Kú sí Vosges

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá, ọdún 1943, àwọn ọmọ-ogun Jámánì yìnbọn pa ọkùnrin méjì ní ìlú Épinal, ní ẹkùn Vosges, ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Ọ̀kan nínú wọn, Marcel Arburger, jẹ́ ọmọ Faransé. Èkejì jẹ́ Fúlàní láti Gínì, kò sì tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Addi Bâ ni wọ́n ń pè é ní Vosges. Ní ilé bàbá rẹ̀ ní agbègbè Pita, Mamadou Hady Bah ni orúkọ rẹ̀.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Nígbà tí ọmọ yìí kọjá òkun, bí etí àlejò ṣe gbọ́ orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀.

Nǹkan bí ọdún 1916 ni wọ́n bí i. Ó ti ń gbé ní Langeais, ní Faransé, kí ogun Hitler tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1939. Ó wọṣẹ́ ológun, wọ́n sì fi í sínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun 12 ti àwọn tirailleurs sénégalais. Orúkọ yìí ni Faransé fi ń pe gbogbo ọmọ-ogun tó kó láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìbáà jẹ́ ará Gínì, ará Mali tàbí ará Dahomey. Ní oṣù Kẹfà 1940, ọwọ́ Jámánì tẹ̀ ẹ́. Ní àkókò náà, ọ̀pọ̀ ọmọ-ogun aláwọ̀ dúdú ni wọ́n pa lẹ́yìn tí wọ́n ti túúbá. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sá kúrò ní àhámọ́ ní Neufchâteau, wọ́n forí pamọ́ sínú igbó, àwọn ará abúlé sì ń gbé oúnjẹ fún wọn. Àwọn kan rí ọ̀nà dé Switzerland. Addi Bâ ní tirẹ̀ dúró sí abúlé Tollaincourt.

Ìdúró yẹn kì í ṣe ohun kékeré. Ní Gínì, òfin indigénat, tí ó fún àwọn amúnisìn lágbára láti fìyà jẹ ọmọ ilẹ̀ láìgbé e dé ilé ẹjọ́, ṣì wà títí di 1946. Ẹni tí a kò fún ní òmìnira lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni ó ń jà fún òmìnira ilé onílé. Ní oṣù Kẹta 1943, ó wà lára àwọn tó dá ibùdó ajàjàgbara àkọ́kọ́ sílẹ̀ nínú igbó Vosges, fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń sá fún òfin tó fẹ́ kó wọn lọ ṣiṣẹ́ tipátipá ní Jámánì. Oṣù Keje ni wọ́n mú un. Wọ́n dá a lóró, ṣùgbọ́n ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Vosges ni pé kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Kò pé ọdún kan lẹ́yìn ikú rẹ̀ tí àwọn ọmọ-ogun Áfíríkà tó ti àhámọ́ Jámánì bọ̀ fi dé Thiaroye, lẹ́bàá Dakar, tí wọ́n ń béèrè owó tí Faransé jẹ wọ́n. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá 1944, ọta ìbọn ni Faransé fi dá wọn lóhùn. Ó di 2024 kí ààrẹ Faransé tó pe ìpànìyàn náà ní ìpakúpa. Òfin kan ní 1959 sì dá owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọmọ-ogun ilẹ̀ tí Faransé ti ṣàkóso dúró sójú kan, nígbà tí ti àwọn ọmọ Faransé ń lọ sókè. Ní ti Addi Bâ, ọdún 2003 ni wọ́n tó fi àmì-ẹ̀yẹ àwọn ajàjàgbara dá a lọ́lá. Ọgọ́ta ọdún ti kọjá. Lẹ́yìn náà ni Tierno Monénembo, òǹkọ̀wé ọmọ Gínì, kọ ìwé ìtàn-àròsọ nípa rẹ̀ ní 2012.

Kí ló fa ìdádúró tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Àwọn tó mọ ìbí rẹ̀ wà ní Gínì. Àwọn tó mọ ikú rẹ̀ wà ní Vosges. Ìjọba tó yẹ kó so ìtàn méjèèjì pọ̀ kò kánjú. Ọ̀lá tó pẹ́ báyìí kò lè dé etí ìyá tó bí i mọ́.

Níbí ni ọ̀rọ̀ náà ti kan Nàìjíríà. Àwọn ọmọ Nàìjíríà jà ní Burma lábẹ́ àsíá Gẹ̀ẹ́sì, nínú ẹ̀ka 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ ọmọ-ogun láti Àríwá ni wọ́n fi orúkọ ìlú wọn dípò orúkọ bàbá wọn nínú ìwé. Ẹni tó bá ń fi ìwé yẹn wá bàbá àgbà rẹ̀, ìlú ni yóò rí, kò ní rí ìdílé. Ilé nìkan ni orúkọ tòótọ́ wà, lẹ́nu àwọn àgbà tó ń dín kù lójoojúmọ́. Kí ìdílé tó ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ jókòó ti àgbà tó kù, kí wọ́n kọ orúkọ ìsọmọlórúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ìlú rẹ̀, ọdún tó lọ, àti ẹni tó sunkún nígbà tí kò padà. Láìsí àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí ìjọba tí ẹnikẹ́ni lè bá ṣírò gbèsè yìí.