Ẹsẹ̀ Mọ́tò ní Kàdúná

Bí ẹnikẹ́ni bá jókòó ní Kàdúná tó ń sọ pé ọkọ̀ tí kò bá ní áásù odindi níwájú kò lè jẹ ọ̀nà oko, ẹ bi í pé Peugeot 504 ńkọ́? Ọkọ̀ yẹn kì í ṣe jíípù. Táyà ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí. Níwájú, kò sí áásù tó so táyà ọ̀tún pọ̀ mọ́ ti òsì. Kálukú dá dúró lórí sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì tirẹ̀. Síbẹ̀ òun ni Ove Andersson fi gba ìdíje Safari ní Kẹ́ńyà ní 1975, ìdíje tí erùpẹ̀ àti ẹrẹ̀ rẹ̀ ti ba ọkọ̀ alágbára jẹ́ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Irú rẹ̀ onílẹ̀kùn méjì ni Jean-Pierre Nicolas tún fi gbà á ní 1978. Ọdún 1975 yẹn gan-an ni ilé iṣẹ́ Peugeot Automobile Nigeria (PAN), tí ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ará Faransé jọ dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kakuri, tí 504 sì di ọmọ Kàdúná. Àwọn èèyàn wa tó ń rìn láàárín ibí yìí àti Ìlọrin mọ̀ ọ́n dáadáa. Nínú wágọ́ọ̀nù rẹ̀ ni wọ́n ti ń fún ara wọn mọ́ra lẹ́yìn pátápátá, tí orúnkún ń kan àgbọ̀n.

Kì í ṣe pé mo kórìíra áásù odindi. Ohun tó tètè ń yé èèyàn ni: irin gbọọrọ kan, táyà kan ní orí rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, dífù tó ń pín agbára ní àárín. Bí èèyàn méjì bá ru ìtì igi kan ní ìbú, tí ọ̀kan bá gun orí òkìtì, igi á tẹ ẹnìkejì mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni táyà òsì tó gun àpáta ṣe ń ti táyà ọ̀tún sísàlẹ̀ kí ó lè máa di ilẹ̀ mú. Nínú igbó, ilẹ̀ tí táyà bá dì mú ni mọ́tò fi ń jáde. Ohun kejì wà tí àwọn tó ń wakọ̀ lórí òkúta kì í fi ṣeré. Bí táyà bá gòkè, dífù á bá a gòkè. Nínú ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ara ọkọ̀ ni wọ́n de dífù iwájú mọ́. Táyà lè gòkè, dífù kò ní bá a lọ, nígbà tí ọkọ̀ bá sì já bọ́ sínú kòtò, ikùn rẹ̀ á súnmọ́ òkúta ju bí olówó rẹ̀ ṣe rò lọ.

Ṣùgbọ́n irin gbọọrọ yẹn wúwo, gbogbo ìwúwo rẹ̀ ló sì wà lábẹ́ sípíríǹgì. Lójú ọ̀nà erùpẹ̀ pupa tí tírélà ti sọ di gegele kéékèèké lẹ́sẹẹsẹ, áásù á bẹ̀rẹ̀ sí í jó, sìtíárìǹgì á máa gbọ̀n lọ́wọ́ ẹni. Lójú ọ̀dà, bí táyà òsì bá kó sí gálọ́ọ̀pù, ti ọ̀tún á jẹ nínú ìyà rẹ̀, ọkọ̀ á sì fẹ́ yà kúrò níbi tí o darí rẹ̀ sí. Ó kéré tán, láti ìgbà Lancia Lambda ti 1922 ni àwọn tó ń ṣe mọ́tò ti ń ya ẹsẹ̀ iwájú sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn jíípù gíga máa ń sọ ọ́ bíi pé ìgbádùn àwọn arìnrìn-àjò ìlú ló fà á. Ìgbádùn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí sìtíárìǹgì gbọ́ràn ni olórí ọ̀rọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára 504 wágọ́ọ̀nù ni pé kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó ya ẹsẹ̀ iwájú sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó fi áásù odindi sẹ́yìn, sípíríǹgì méjì-méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Iwájú ni awakọ̀ fi ń darí. Ẹ̀yìn ni èrò, àpò gààrí àti ewúrẹ́ jókòó lé. Hilux òde òní náà nìyẹn: iwájú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀yìn odindi lórí sípíríǹgì pẹlẹbẹ tí wọ́n to léra wọn. Nígbà tí Dangote Peugeot bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná ní 2022, tí Landtrek wà lára ọkọ̀ tí wọ́n ń tò, ètò kan náà ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìjà nínú. Iwájú ni gbogbo ariwo wà.

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ariwo yẹn láti ẹnu ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí ó lọ sí ọjà Panteka ní Kàdúná. Mo ní mẹkáníìkì kan níbẹ̀, ọmọ Ọ̀fà tí wọ́n bí sí Tudun Wada, tí Haúsá ẹnu rẹ̀ já gaara ju Yorùbá rẹ̀ lọ. Kì í bá ènìyàn jiyàn. Yóò ní kí o tẹ̀ ba. Lọ́jọ́ kan, ó gbé jáàkì sábẹ́ áàmù ìsàlẹ̀ Hilux kan, ó ki ọ̀pá irin bọ abẹ́ táyà, ó gbé e díẹ̀. Mo gbọ́ “kọ̀”, ìró kékeré kan báyìí. Ó tú bọ́ọ̀jọ́ìntì, oríkèé tó so áàmù mọ́ ibi tí táyà ń yí, ó fi sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Rọ́bà tó bò ó ti ya, kò ju ìbú èékánná lọ. Gírísì inú rẹ̀ ti pọ̀ mọ́ erùpẹ̀ Kàdúná, ó pupa rúsúrúsú, nígbà tí mo sì fi ìka méjì ra á, ó ń ha mí lára. “Ọ̀gá, ẹ wò ó,” ló wí, “bọ́ọ̀jọ́ìntì kọ́ ló kọ́kọ́ kú o. Rọ́bà ló ya, ẹnikẹ́ni ò wo abẹ́ ọkọ̀.”

Ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kún fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀: bọ́ọ̀jọ́ìntì òkè, ti ìsàlẹ̀, bọ́ṣìn áàmù, rọ́bà orí ṣáfúùtù. Gbogbo wọn ló ń gbó. Ó yẹ kí áásù odindi borí níbi yìí, àbí? Mo bi ọkùnrin náà èwo ló rọrùn láti túnṣe, mo sì rò pé mo mọ ohun tó máa sọ. Hilux ló mú. Ó ní bí áàmù bá tẹ̀, wákàtí kan péré ni, wọ́n á lọ ra áàmù tòkunbọ̀ ní ìsọ̀ kejì, wọ́n á tú ti àtijọ́, wọ́n á de òmíràn. Bí áásù odindi bá tẹ̀, kò sí ibi tí wọ́n ti ń tú u ní wẹ́wẹ́. Àfi kí wọ́n wá odindi mìíràn, tàbí kí wẹ́dà bẹ̀rẹ̀ sí í gbìyànjú ohun tí ojú rẹ̀ kò tó. Nínú Land Cruiser àtijọ́, síìlì tó wà níbi tí táyà iwájú ti ń yí máa ń jò, òróró dífù á pọ̀ mọ́ gírísì, á dà sí ara táyà, kí ọwọ́ tó sì kàn án ó di kí a tú gbogbo ìgbèrí áásù.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yí èrò mi padà díẹ̀. Ẹsẹ̀ oníwẹ́wẹ́ ló yẹ ẹni tó wà nítòsí Panteka, nítorí pé gbogbo wẹ́wẹ́ náà wà lórí àtẹ. Áásù odindi yẹ ẹni tó jìnnà sí ìsọ̀. Òótọ́ ni pé ó le láti tún un ṣe, ṣùgbọ́n ó máa ń fi ara pa gbé ọ lọ sílé kí ó tó kú. Ní ojú ọ̀nà Birnin Gwari, níbi tí àwọn ajínigbé ti sọ ìdúró lásán di ewu, ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn.

Toyota pàápàá kò mú ọ̀kan kó sì ju ìkejì sílẹ̀. Nígbà tí Land Cruiser 100 jáde ní 1998, òun ni Land Cruiser ńlá àkọ́kọ́ tí wọ́n ya ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ara kan náà, wọ́n ṣe 105 tó ní áásù odindi fún àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ inú igbó. Ìran 70 tó bẹ̀rẹ̀ ní 1984 ṣì ń jáde títí di òní, áásù odindi níwájú àti lẹ́yìn. Òun ni píkọ́ọ̀pù tí a ń pè ní Buffalo níhìn-ín, tí àwọn agbófinró ń gun káàkiri àríwá. Àwọn ọmọ ogun Ṣáàdì fi píkọ́ọ̀pù Toyota lé àwọn ọmọ ogun Líbíyà tó ní ọkọ̀ ogun kúrò ní Fada àti Ouadi Doum ní 1987, ayé sì pe ogun náà ní ogun Toyota. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá fi ogun yẹn ṣe ẹ̀rí fún áásù odindi, màá ní kó rọra: iyanrìn aṣálẹ̀ kò jọ òkúta Kachia ní gúúsù Kàdúná, awakọ̀ tó gbójú ló sì jàjù nínú ìṣẹ́gun náà.

Àwọn olówó ńkọ́? Mercedes G tí wọ́n fi ń lọ sí ibi ìgbéyàwó ní Àbújá ní áásù odindi níwájú láti 1979 títí di 2018 kí wọ́n tó yà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bóyá ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ti gun òkúta rí, èmi ò mọ̀ ọ́n. Land Rover Defender, ìdílé kan náà pẹ̀lú Land Rover tí Leyland ń tò ní Ìbàdàn láyé ọjọ́un, ju áásù sílẹ̀ pátápátá nígbà tí tuntun rẹ̀ jáde ní 2020, níwájú àti lẹ́yìn. Àwọn àgbà tó fẹ́ràn Land Rover bínú bí ẹni tí wọ́n ta ilé bàbá rẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọjà tòkunbọ̀ ló ń yan fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Jíípù Toyota tó ń ti Amẹ́ríkà wá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ níwájú tán, nítorí Toyota kò ta ìran 70 níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ áásù odindi níwájú ní láti wá a gba ọ̀nà mìíràn, kó sì san owó tó pọ̀ jù.

Àbúrò mi kan ń ra àtalẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ apá Kachia. Láti ìgbà tí àrùn ti ba àtalẹ̀ jẹ́ ní gúúsù Kàdúná ní 2023, ó di dandan kó máa wọ oko tó jìnnà sí títì kó tó rí ẹrù kó. “Ẹ̀gbọ́n, èwo ni kí n rà?” Land Cruiser 70 àtijọ́ kan wà níwájú rẹ̀, Hilux kan náà wà, Land Cruiser sì gbówó lórí ju Hilux lọ dáadáa. Mo bi í léèrè ọ̀nà tí ó ń rìn. Oko ló ń wọ̀, ó ní, ṣùgbọ́n ìdá púpọ̀ nínú ìrìn rẹ̀ jẹ́ ojú ọ̀dà, láti Kachia wá sí Kàdúná, láti Kàdúná lọ sí Kánò, pẹ̀lú eré àti pẹ̀lú ẹrù. Oko tó jìnnà jù kò tó ìrìn wákàtí kan láti títì. “Ta ló máa ń tún mọ́tò rẹ ṣe?” Ó dárúkọ ọkùnrin Panteka yẹn.

Mo ní kí ó mú Hilux. Mo ní kí ó má ṣe jẹ́ kí wẹ́dà kankan tì í láti lẹ irin ńláńlá mọ́ bọ́ńpà iwájú, nítorí bọ́ọ̀jọ́ìntì ló ń ru ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀, àti pé kí ó máa ki orí bọ abẹ́ ọkọ̀ wo àwọn rọ́bà yẹn ní gbogbo ìgbà tó bá ti oko dé. Ó fi bọ́ọ̀jọ́ìntì ìsàlẹ̀ méjì àti rọ́bà ṣáfúùtù méjì sínú àpótí ẹ̀yìn ìjókòó. Owó tó ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́, àtalẹ̀ ló fi rà.