Àpá Ẹ̀yìn Ọwọ́

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé n'Ìbàdàn, bí wọ́n bá kí èèyàn pé "O mà ti sanra o," oríire ni wọ́n kí i. Ẹni tó bá rù ni wọ́n máa ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí wọ́n bi í bóyá ara rẹ̀ ò yá. Ìkíni yìí kan náà ló gún ọmọ mi lọ́kàn lọ́dún 1994.

London ni mo bí i sí, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí mo mú un wálé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dì mọ́ ọn, ó fọwọ́ pa á lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ní, "Ẹ wò ó bó ṣe rí rọ̀gbọ̀dọ̀! Ọmọ ń jẹun!" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà wolẹ̀. Ìfẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi fi sọ ọ́, mi ò sì di ẹ̀bi rù ú. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní iléèwé ti ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ kí a tó wọ bàálù.

Nígbà tí a padà dé London, ó ń jẹun. Ohun tó tàn mí jẹ nìyẹn. Bí mo bá jí láàárọ̀, odindi búrẹ́dì kan á ti tán. Bó bá jẹun tán, á wọ balùwẹ̀, á ṣí omi, omi á máa dà ṣùà. Mo rí àpá pupa lórí oríkèé ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó ní ilẹ̀kùn ló há òun lọ́wọ́. Mo bá a fi ìpara pa á. Èmi nọ́ọ̀sì! Eyín ló ń dá irú àpá bẹ́ẹ̀, bí èèyàn bá ń ki ìka bọ ọ̀fun láti fi bì.

Lálẹ́ 20 oṣù kọkànlá ọdún 1995, Diana, ìyàwó Ọmọọba Charles, sọ lórí ètò Panorama ti BBC pé òun ti ní bulimia, àìsàn kí èèyàn máa jẹ àjẹjù kó sì máa bì í jáde, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èmi àti ọmọ mi jọ ń wò ó ni. Ó ní, "Mọ́mì, ohun tí mò ń ṣe nìyẹn."

Lọ́dún 1979 ni Dókítà Gerald Russell ti sọ àìsàn náà lórúkọ, ní London tí mo wà gan-an, ó sì kọ nípa àpá ẹ̀yìn ọwọ́ yẹn. Iṣẹ́ ìgbẹ̀bí ni mò ń ṣe ní tèmi. N kò kà á. Nítorí náà, ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo ní kó bá mi gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. N kò kábàámọ̀ àdúrà tí mo gbà. Ààwẹ̀ yẹn ló ń dùn mí dòní, torí ebi gan-an ni oúnjẹ àìsàn náà. Ìtìjú ló ń mú un febi panú látàárọ̀, ebi ló ń mú un jẹ àjẹjù lóru, àjẹjù ló tún ń bí ìtìjú, ìtìjú á sì lé e lọ sí balùwẹ̀.

Oníṣègùn ọkàn ló tú u fún wa. Ó ní kó máa jẹun lásìkò, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ pẹ̀lú ìpápánu, kó sì máa kọ ohun tó jẹ àti bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí nígbà náà sínú ìwé. Wọ́n tún ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, nítorí èébì lemọ́lemọ́ máa ń fa potassium gbẹ lára, ọkàn sì lè dáwọ́ lílù dúró lójijì. Ó gbà wá ní ọdún mẹ́ta gbáko. Omi kíkan inú ikùn ti jẹ eyín iwájú rẹ̀ kó tó gbádùn.

Nígbà tó tún wálé lọ́dún 2003, mo ti bẹ ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀. Ó dì mọ́ ọn, ó ní, "Káàbọ̀, ọmọ mi. Iṣẹ́ ńkọ́?" Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ìyá, mo bẹ̀ yín, ẹ máa wo ẹ̀yìn ọwọ́ ọmọ yín.