Nígbà tí Kọ̀ǹpútà Ń Ṣẹ́jú Sí Mi

Ní ọdún 2008, nígbà tí mò ń kọ àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé mi, díẹ̀ ló kù kí n jáwọ́ nínú fífi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀. Bí mo bá ti lo wákàtí méjì nídìí kọ̀ǹpútà, orí a bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi, omi a sì máa dà lójú mi. Àwọn àmì kéékèèké wọ̀nyí ni mo di ẹ̀bi rù. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí àmì, kí ni yóò ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ló là mí lóye. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wo kọ̀ǹpútà náà gan-an. Ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ tẹjú mọ́.” Mo ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì fi ẹ̀gbẹ́ ojú rí i pé ìmọ́lẹ̀ náà ń gbọ̀n rìrì.

60 Hz ni wọ́n ṣètò rẹ̀ sí. Kọ̀ǹpútà àtijọ́, èyí tó tóbi lẹ́yìn, a máa fi ìmọ́lẹ̀ kun ojú ara rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kíá ni ìmọ́lẹ̀ náà ń ṣá, tí yóò sì tún un kùn, nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Inú “ṣẹ́jú” ni a ti ṣẹ̀dá “ìṣẹ́jú”. Kí n tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, kọ̀ǹpútà mi ti ṣẹ́ tirẹ̀ léraléra! Ọ̀dọ́mọkùnrin náà yí i sí 85 Hz. Orí fífọ́ náà rọlẹ̀, mo sì fi àmì sí iṣẹ́ mi dé òpin.

Kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ òde òní yàtọ̀. Àwòrán a dúró lójú rẹ̀ títí òmíràn yóò fi rọ́pò rẹ̀, nítorí náà 60 Hz nìkan kò sọ ọ́ di aṣẹ́jú. Ibi tí 120 Hz ti wúlò ni ìrìn àwòrán: bí ẹ bá ń yí ojú ìwé lọ sókè, ọ̀rọ̀ kì í ṣe bàìbàì tó ti 60 Hz. Àmọ́, bí a bá dín ìmọ́lẹ̀ àwọn mìíràn kù, ńṣe ni iná inú wọn ń kú tó ń tàn kíákíá. Ẹni tí èyí bá ń yọ lẹ́nu lè fi ìmọ́lẹ̀ kún un.

Lónìí, àwa gan-an ni kì í ṣẹ́jú tó nídìí kọ̀ǹpútà, ojú a sì gbẹ. Ní ìṣẹ́jú 20 sí 20, ẹ gbójú sókè, kí ẹ wo ọ̀nà jíjìn díẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì sọ fún mi pé àmì ohùn ń fọ́ òun lórí, mo máa ń wo kọ̀ǹpútà rẹ̀ kí n tó bá a wí.