Ìbọn Kékeré Abẹ́ Bùbá

Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ti ajílẹ̀, kì í sì í ṣe ti oògùn tí à ń fín sí kòkó. Ọ̀rọ̀ ìbọn ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń retí àlàyé lórí igi ẹ̀gẹ́ tuntun, ẹ ní sùúrù, ó ń bọ̀.

Ohun tó jẹ́ ká mú un wá ni pé ìbéèrè náà ti pọ̀ jù. Tí a bá wọ oko, tí a sọ̀rọ̀ kòkó tán, ẹnì kan á fà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á rẹ ohùn sílẹ̀: "Ọ̀gá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, báwo lèèyàn ṣe lè ní ìbọn kékeré yẹn, èyí tó ń wọ abẹ́ bùbá?" Kì í ṣe jàgùdà ló ń béèrè o. Bàbá tó ní kòkó éékà mẹ́rin ni. Ìyá tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni, tó ń gbé owó wọ oko ní ìdájí kí àwọn oníbàárà ẹ̀ ní Ìbàdàn tó jí.

Ṣakabùlà kò ṣàjèjì sí wa. Abúlé tí a ò ti rí i lára ògiri ò pọ̀. Ṣùgbọ́n ṣakabùlà gùn, ó wúwo, ẹ̀tù ẹ̀ kì í fẹ́ òjò, tí ẹ bá sì yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbọ́dọ̀ dúró rọ ẹ̀tù míì kí ẹ tó tún un yìn. Ẹni tó bá gbé e kọ́ èjìká, gbogbo ayé ti rí i. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò ní rí ni àwọn èèyàn ń fẹ́ báyìí.

Ká má parọ́, díẹ̀díẹ̀ ni ọkàn tiwa náà fà sí i. Àwa tí à ń ṣiṣẹ́ extension, ọ̀kadà la fi ń ṣe é, ibi tí nẹ́tíwọ̀kì ti ń lọ pátápátá la sì ń gbà kọjá. Lọ́dún 2024, owó tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là lọ́jà àgbáyé. Àgbẹ̀ rí owó, olè náà sì gbọ́. Wọ́n ń ká kòkó lórí igi kó tó pọ́n, wọ́n ń kó èyí tí wọ́n sá sójú oòrùn. Ẹ̀rù ajínigbé tún wá gorí ẹ̀. Èèyàn tó ń gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ láràárọ̀, tó sì tún gbọ́dọ̀ dá wọ igbó kòkó lọ, kò sí bí kò ṣe ní ro nǹkan kan.

Ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú wa ń gbé ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas l'Amẹ́ríkà. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ lórí fídíò, ó mú tiẹ̀ jáde. Ó kéré débi pé àtẹ́lẹwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó. Lọ́dọ̀ tiwọn, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21 tí òfin ò sì kà á léèwọ̀ fún lè fi ìbọn ìléwọ́ sábẹ́ aṣọ jáde láì gba ìwé kankan. Ó ní òun máa ń fi sápò lọ sílé epo. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Lẹ́yìn tí ọkùnrin kan wọ ilé ìwé lọ yìnbọn pa àwọn ọmọdé ní Dunblane lọ́dún 1996, wọ́n gba ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́ aráàlú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìlú méjì tí àwọn ọmọ wa wà, òfin méjì tí kò jọra rárá.

Rìfọ́fà ni wọ́n ń pe irú ìbọn yẹn. Ilé ọta rẹ̀ rí roboto, ó ń yí bí kẹ̀kẹ́. Lọ́dún 1927, ilé iṣẹ́ Colt gbé ọ̀kan kúkurú jáde tí wọ́n pè ní Detective Special, ọta mẹ́fà ló ń gbà. Lọ́dún 1950, Smith & Wesson gbé Chiefs Special tiwọn jáde, ọta márùn-ún péré, kí ikùn ẹ̀ lè tẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀pá ẹ̀ kò ju nǹkan bí ínǹṣì méjì lọ, gbogbo ara ẹ̀ sì fi díẹ̀ lé ní ìdajì kílò. Àdá tí ẹ fi ń ro oko lè wúwo jù ú lọ.

Èyí tó wù wá jù ni pé kò ní wàhálà. Kò ní àpò ọta onísípíríǹgì tó lè há. Tí ọta kan bá kọ̀ tí kò dún, ẹ kàn tún apátí fà, òmíràn á bọ́ síbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra pọ́ǹpù ìfínko olówó pọ́ọ́kú mọ ohun tí à ń sọ: nǹkan tí ẹ̀yà ara ẹ̀ ò pọ̀ kì í tètè yọnu. Ẹni bíi tiwa, tó jẹ́ pé iṣẹ́ irinṣẹ́ oko ló ń ṣe, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń tètè wọ̀ ọ́ lójú.

A wá bi ẹ̀gbọ́n náà léèrè dáadáa. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìbọn tó kéré jù ló ṣòro jù láti yìn. Nítorí pé ó fúyẹ́, bó bá dún, gbogbo agbára ẹ̀ ló ń padà sọ́wọ́. Nítorí pé ọ̀pá ẹ̀ kúrú, bí ọwọ́ bá gbọ̀n báyìí, ọta ti gba ibòmíì lọ. Apátí ẹ̀ le, ó sì gùn fà. Ó ní òun san owó fún ẹni tó kọ́ òun, òun sì ń lọ síbi tí wọ́n ti ń yìnbọn sí pátákó lóṣooṣù, síbẹ̀ ní ìgbésẹ̀ méje, òun ṣì ń ta á nù. Ọta márùn-ún náà, tó bá tán, ó di kí èèyàn máa fi ìka kì í lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé e wá sí ọ̀nà oko wa. Ajínigbé kì í dá wá. Inú igbó ni wọ́n ti ń jáde, ìbọn wọn ti wà lọ́wọ́, ó sì gùn. Tiyín wà lábẹ́ bùbá, bóyá lábẹ́ aṣọ òjò pàápàá, ẹ wà lórí ọ̀kadà, ẹ di ajílẹ̀ sẹ́yìn. Kí ọwọ́ tó dé abẹ́ aṣọ, wọ́n ti rí i pé ọwọ́ ń lọ síbì kan. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní í jẹ́ kí wọ́n dojú ẹ̀ kọ òun? Àwọn náà ò ní jẹ́. Ẹni tó yẹ kí wọ́n jí gbé, kí àwọn ẹbí wá owó, ni wọ́n á yìnbọn pa síbẹ̀. Ká má tíì sọ ti òógùn, òjò àti oògùn kòkó tó ń jẹ irin. Níbo lẹ fẹ́ máa yìn ín ṣèdánwò? Ta ló fẹ́ kọ́ yín? Tẹ́ ẹ bá délé, níbo lẹ máa fi sí tí ọmọ ò ní fi ṣeré?

Ó wá ku òfin. Òfin ìbọn tí à ń lò ní Nàìjíríà, ọdún 1959 ni wọ́n ṣe é, a ò tíì gba òmìnira. Ó pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ṣakabùlà wà lápá kan, ó sì ní ìwé àṣẹ tiẹ̀. Ìbọn ọdẹ oníkátíríìjì wà lápá kejì, ọ̀gá pátápátá àwọn ọlọ́pàá ló ń fúnni níwèé ẹ̀. Ẹni tí kò tó ọmọ ọdún 17, ẹni tí ojú ẹ̀ ò ríran tó, ẹni tí orí ẹ̀ ò pé, ọ̀mùtí, àti ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn, wọn ò gbọ́dọ̀ fún un. Apá kẹta ni ti ìbọn tí òfin kà léèwọ̀: bọ́ǹbù, ìbọn arọ̀jò ọta, ìbọn ológun. Ẹ gbọ́ o, inú apá yìí gan-an ni rìfọ́fà àti gbogbo ìbọn ìléwọ́ wà, títí kan ìléwọ́ ẹlẹ́tù irú èyí tí alágbẹ̀dẹ lè rọ. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè fọwọ́ sí i fún èèyàn. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé òun mọ ẹnì kan ní àgọ́ ọlọ́pàá tó lè bá yín gba ìwé rìfọ́fà, owó yín ló fẹ́ jẹ.

Ìjìyà ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ó kéré tán, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ni òfin náà kọ sílẹ̀ fún ẹni tó bá ní irú ìbọn yẹn láìgbàṣẹ. Òfin míì tún wà tó mú un, òfin tí wọ́n ṣe fún àwọn adigunjalè. Ẹ rò ó wò: ẹ wà nínú ọkọ̀ láti Ìkirè lọ sí Ìbàdàn, àwọn ọlọ́pàá dá yín dúró, wọ́n ní kí gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan ìbàdí yín. Ẹni tó ní éékà kòkó mẹ́rin àti ẹni tó ń jí i ká, ẹ̀sùn kan náà ni wọ́n máa kà sí wọn lẹ́sẹ̀. Ọdún mẹ́wàá! Igi kòkó tí ẹ gbìn lónìí á ti so, á ti máa fún ẹlòmíì lówó, kí ẹ tó jáde.

Lójú tiwa o, òfin yìí ò tó bó ṣe wà. Ó gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ń bẹ̀rù òfin, ajínigbé ò sì kà á. Lóṣù kẹfà ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Zamfara ní kí aráàlú wá ìbọn kí wọ́n fi gbèjà ara wọn, àwọn ọ̀gá ológun sì ta kò ó. Lọ́dún yẹn kan náà, Rotimi Akeredolu tó jẹ́ gómìnà Oǹdó nígbà náà ń pariwo pé kí wọ́n jẹ́ kí Àmọ̀tẹ́kùn gbé ìbọn tó tó ìbọn. Ẹ rí i pé kì í ṣe àgbẹ̀ Ìkirè nìkan ló ń ro ó. Ṣùgbọ́n kí òfin ò tó ni, kí ẹ fi ara yín ṣe ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbé lọ sẹ́wọ̀n nítorí ẹ̀ tún jẹ́ nǹkan míì.

Ohun kan ṣì wà tó ń bà wá lẹ́rù ju ajínigbé lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin ará Àpòmù mọ ìtàn ẹ̀ jù wá lọ. Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, nínú ọjà Àpòmù, ìjà dé láàárín àwọn tó ń ná ataare. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá tó jáde lọ́dún 1921: ataare tí iye ẹ̀ kò ju owó ẹyọ díẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni ogun Òwu ti gbiná. Àgédéńgbé ni ogun àwọn ará Òwu mọ̀ ọ́n lò, ṣùgbọ́n àwọn Ìjẹ̀bú tó gbè sẹ́yìn Ifẹ̀ gbé ìbọn wá, nítorí wọ́n súnmọ́ àwọn òyìnbó etí òkun. Òwu tú. Àwọn ọmọ wọn rìn títí, ọ̀pọ̀ wọn sì dé Abẹ́òkúta.

Ataare ìgbà yẹn ni ìwọ̀n kòkó lónìí. Gbogbo wa la ti rí i ní sítọ̀. Àgbẹ̀ ní àpò òun pé kílò 64, oníṣòwò gbé e sórí ìwọ̀n, ó ní 61 ni, ó tún ní kòkó náà tutù, òun á yọ kílò méjì. Ohùn á lọ sókè. Wọ́n á bú ìyá ara wọn. Ẹnì kan á ti ẹnì kejì. Títí di ìsinsìnyí, ibi tó ń parí sí ni kí àwọn àgbà dá sí i, kí wọ́n tún un wọ̀n lórí ìwọ̀n ẹlòmíì, nígbà míì wọ́n á tún jọ mu ẹmu lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ wá fi ìbọn ọlọ́ta márùn-ún sábẹ́ bùbá ẹnì kan nínú wọn, kí ẹ fi sábẹ́ tìkejì náà. Ibi tí ọkàn wa ti yí padà nìyẹn. Ajínigbé, èèyàn lè má pàdé wọn títí ayé. Ìjà ìwọ̀n, kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í wáyé.

Kí la wá ń sọ fún àwọn tó ń bi wá? Ẹni tó bá fẹ́ ìbọn, kó gba ti ọdẹ, kó gbàwé, kó sì darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ ọdẹ tí àwọn Àmọ̀tẹ́kùn àdúgbò mọ̀ dójú ẹ̀. Ìbọn tó hàn sóde ń lé olè kó tó dún. Ẹ má dá wọ oko ní àsìkò ìkórè. Ẹ dá àáró padà: oko tiyín lónìí, tèmi lọ́la, èèyàn mẹ́fà tí àdá wà lọ́wọ́ wọn, tí ajá méjì ń tẹ̀ lé, kì í rọrùn jí gbé. Ẹ pààrọ̀ àkókò tí ẹ ń jáde àti ọ̀nà tí ẹ ń gbà. Ẹ kọ nọ́ńbà Àmọ̀tẹ́kùn sára ìwé, torí bátìrì fóònù máa ń kú.

Ti owó ló ṣe pàtàkì jù fún ẹ̀yin oníṣòwò. Láti ìgbà tí náírà wọ́n bí ojú lọ́dún 2023 la ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fowó ránṣẹ́ lórí fóònù, kí ló dé tí a tún padà sí gbígbé báàgì owó wọ igbó? Ẹ san owó kòkó àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú àkántì, kí ó jẹ́ ìwọ̀nba owó ọkọ̀ àti ti alábàárù nìkan ló máa wà lápò. Àwọn àgbẹ̀ kan ń ráhùn pé wọ́n ti fi alẹ́ẹ̀tì ayédèrú jẹ àwọn rí. Òótọ́ ni, ó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ má gba ti alẹ́ẹ̀tì gbọ́ rárá. Ẹ wo iye tó wà nínú àkántì fúnra yín, tí nẹ́tíwọ̀kì ò bá sì jẹ́ kí ẹ rí i, kí àpò kòkó ṣì wà nílẹ̀ níbi tó wà.