Rédíò Tí Ń Gbèsì

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé àpótí Rediffusion wọ Èkó ní ọdún 1935, àwọn àgbà wa wò ó títí, wọ́n sì sọ ọ́ ní Asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ náà bá a mu. Àpótí a máa rojọ́, a máa kọrin lára ògiri, ṣùgbọ́n bí o bá kí i, kò ní dáhùn. Èmi tí mò ń kọ́ ìmọ̀ èdè ní Akọkà ti lo ọ̀rọ̀ yìí nínú àròkọ kan rí, mo sì gba máàkì tí ó dára lórí rẹ̀, láìrántí pé rédíò tí ń gbèsì wà nínú ilé wa.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ó ni ín. Bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Iṣẹ́ títẹ wáyà nínú ọkọ̀ òkun ni wọ́n fi ìgbà èwe wọn ṣe. Kí ó tó di ọdún 1999, tí àwọn ọkọ̀ òkun àgbáyé pa títẹ wáyà tì tí wọ́n sì gba ẹ̀rọ tuntun, Bàbá ti fẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò fẹ̀yìntì. Wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba, wọ́n na wáyà láti orí páànù ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó dé orí òpó kan lẹ́yìnkùlé, wọ́n sì ń bá ayé sọ̀rọ̀. Irú wọn pọ̀ káàkiri ayé. Kì í ṣe owó ni wọ́n ń wá. Bí ẹni tí wọn kò mọ̀ rí bá dá wọn lóhùn láti òkèèrè, ó tó wọn. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀: 5N ni tiwa. Wọ́n pín ayé sí ibi 340, wọ́n sì ń ṣà wọ́n jọ bí ọmọdé ti ń ṣa ìdérí ìgò. Nítorí náà, bí ibì kan bá wà tí irú wọn kò pọ̀ sí, àwọn mìíràn a di ẹrù rédíò wọn, wọn a wọ ọkọ̀ òfuurufú, wọn a lọ pàgọ́ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì.

Ọ̀kan nínú irú ibẹ̀ ni São Tomé àti Príncipe, tí àmì rẹ̀ ń jẹ́ S9. Mo bi ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta ní ilé gbígbé wa léèrè ibi tí ó wà. Ọ̀kan ní Brazil ni, ọ̀kan ní Sípéènì ni, ẹnì kẹta ní orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí a bá wọ̀n ọ́n lójú òfuurufú, erékùṣù náà sún mọ́ Èkó ju Kano lọ! Àwọn Potogí tí ó fún Èkó ní orúkọ Lagos ni ó kó ènìyàn lọ tẹ̀ ẹ́ dó, púpọ̀ nínú àwọn ẹrú àkọ́kọ́ gba ọ̀nà Ìbíní débẹ̀, títí di òní sì ni ọ̀rọ̀ Ẹ̀dó wà nínú Forro, èdè tí wọ́n ń sọ. Ní ọdún 1975 ni wọ́n gba òmìnira. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Ìga Ìdúngànràn àti ti àwọn Àgùdà òde Campos yóò mọ̀ pé ẹbí wa ni wọ́n, a kàn kì í kí ara wa ni.

Ní ìparí ọdún 2023, Bàbá gbọ́ pé àwọn Òyìnbó kan ń gbé rédíò lọ síbẹ̀. Oṣù náà gan-an ni ẹbí ta ilé wa. Ẹni tí ó rà á fẹ́ wó o kí ó fi kọ́ ilé ìtajà; Bàbá ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Ìkòròdú, níbi tí onílé ti sọ pé òun kò fẹ́ wáyà kankan lórí òrùlé òun. Mo gbé ìwé àkọsílẹ̀ wọn, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Japan wà níbẹ̀, Chile wà níbẹ̀, àní erékùṣù inú yìnyín wà níbẹ̀. S9 kò sí.

Bàbá là á yé mi. Ọ̀rọ̀ rédíò wọ̀nyí kì í rìn nílẹ̀ jìnnà. Ó ń gòkè lọ bá ìpele òfuurufú kan tí oòrùn ti yí padà, ibẹ̀ ni ó ti ń ta padà sílẹ̀. Bí ìgbì náà bá ti kúrú jù, ọ̀nà jíjìn ni yóò balẹ̀ sí, bí bọ́ọ̀lù tí ó lu ògiri tí ó sì fò kọjá orí ẹni tí ó dúró tì í. Ará Japan gbọ́, aládùúgbò kò gbọ́. Nítorí náà Bàbá ní ìgbì gígùn ti 7 MHz ni a ó lò, lálẹ́.

Ariwo ni ó kù. Ariwo Èkó kì í ṣe ti etí nìkan: gbogbo ẹ̀rọ tí a fi ń gba iná sí fóònù, gbogbo gílóòbù olówó pọ́ọ́kú, ni ó ń hó nínú rédíò. Ojú Bàbá ti ṣú, nítorí náà èmi ni akọ̀wé. Wọn a gbọ́, wọn a pè é, èmi a kọ ọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní, a gbọ́ S9 fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, bí ẹni ń fi èékánná kan páànù láti ìsàlẹ̀ àdúgbò. Ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ará Yúróòpù ń ké pè é lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá ké pè é títí di òru. Kò gbọ́ wa.

Bí a ti ń dúró, mo bi Bàbá bóyá títẹ wáyà jọ dùndún. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní dùndún gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n wáyà kò gbọ́ èdè kankan, lẹ́tà ni ó ń pè bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì àti ìkẹta, mo rí ohun tí n kò fẹ́ rí. Ọwọ́ Bàbá ń gbọ̀n. Nínú 5N wa, àmì kúkúrú márùn-ún ni 5. Tiwọn ń di mẹ́fà nígbà mìíràn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá wa ṣe é, nítorí láti ọdún 2017 tí ọ̀nà tí à ń pè ní FT8 ti dé, kọ̀ǹpútà méjì lè kí ara wọn nínú ariwo tí etí ènìyàn kò lè là kọjá. Bàbá kọjú sí mi. “Nígbà náà, ta ni yóò sọ pé òun bá ta ni sọ̀rọ̀?” N kò rí èsì fọ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹrin, wọ́n mú iná lọ. Gbogbo àdúgbò ṣe “Háà!” lẹ́ẹ̀kan náà. Bátìrì ni rédíò wa ń lò, nítorí náà kò kú. Ariwo inú rẹ̀ ni ó kú. Ẹ̀rọ gbogbo dákẹ́ láti ọ̀dọ̀ wa dé Ìdúmọ̀tà, S9 sì yọ, ó mọ́ gaara, bí ẹni tí ó wà ní Ìta Fájì.

“Kíá,” ni Bàbá wí, “kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀. Di ọrùn ọwọ́ mi mú.”

Mo dì í mú nínú òkùnkùn. Mo ń gbọ́ àmì kọ̀ọ̀kan lára iṣan wọn. Márùn-ún dé márùn-ún. Wọ́n tẹ orúkọ wa lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ará Yúróòpù bò wá. Wọ́n tún un tẹ̀.

Lẹ́yìn náà, Bàbá dákẹ́, wọ́n gbé ìka kan sókè. “5N,” ni wọ́n wí, “ó pè wá. Ó ní òun gbọ́ wa dáadáa.”

Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá wà lórí ìlà, ìkíni kúkúrú ni wọ́n fi ń dáhùn, wọn a sì yà fún ẹlòmíràn. Bàbá ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbé ọwọ́ kúrò, wọ́n fi lẹ́tà mẹ́ta lé e: E, K, O. Ẹni ọ̀hún dúró díẹ̀. Ó sì tẹ̀ ẹ́ padà: 73 EKO. 73 ni wọ́n fi ń kí ara wọn pé ó dàbọ̀.

Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì bú sẹ́kún, ti ẹ̀yìn wa tẹ̀ lé e, S9 sì wọ inú ariwo lọ.

Mo tan iná fóònù mi, mo fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ni, ṣùgbọ́n Bàbá ní kí n kọ 19.17, nítorí aago Greenwich ni wọ́n ń lò. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n kọ̀wé béèrè fún káàdì tí wọ́n fi ń jẹ́rìí ìpàdé. Mo ti kọ nọ́ńbà ilé wa sórí àpò ìwé kí n tó dúró. Bàbá gbọ́ pé gègé mi dákẹ́.

“Kọ ti Akọkà sí i,” ni wọ́n wí. “Kọ orúkọ rẹ.”