Ìbọn Líbíà ò dúró sí Líbíà



Ṣé ẹ rántí 2011? Ní oṣù kẹta, Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò pé kí wọ́n dáàbò bo àwọn ará Líbíà. Nàìjíríà wa náà nawọ́ sókè. Ààbò yẹn ló di bọ́ǹbù NATO. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹwàá, wọ́n ti pa Gaddafi. Apàṣẹwàá ni, a ò ní purọ́.

Ṣùgbọ́n ta ló ṣọ́ ilé ìbọn rẹ̀? Àwọn Tuareg tó ń ṣe sójà fún un kó ìbọn, wọ́n gba aṣálẹ̀ padà sí Mali. Oṣù kìíní 2012, ogun bẹ̀rẹ̀. Oṣù kẹta, àwọn sójà tínú ń bí gbàjọba ní Bamako. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, Kidal, Gao àti Timbuktu ti bọ́. Ó ràn dé Burkina Faso, ó ràn dé Niger. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ro ti Mali nígbà tí wọ́n ń ju bọ́ǹbù?

Ìdí tí ọkàn wa ò fi balẹ̀ nìyẹn ní 2023, nígbà tí ECOWAS ní táwọn sójà Niamey ò bá dá Bazoum padà sípò, àwọn lè fogun dá a padà. Ìbodè tí wọ́n tì nìkan ti tó ìyà fún ọlọ́jà. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn sẹ́nétọ̀ tó ní kí wọ́n lọ fẹnu yanjú ẹ̀. Ìpínlẹ̀ 7 ló bá Niger pààlà, láti Kebbi títí dé Borno, àwọn èèyàn wa sì wà níbẹ̀: ẹni tó ń taṣọ, ẹni tó ń tún mọ́tò ṣe, tìyàwó tọmọ. Ká ní ogun yẹn bẹ́, ọ̀nà wo ni wọn ì bá gbà délé?